Bí A Ṣe Ń Yan Ìjókòó Ọmọ Tó Ń Kọjú Sẹ́yìn fún Ọkọ̀ Kékeré

Láti Ilé-Ifẹ̀ dé Iléṣà kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ òbí fi máa ń gbé ọmọ ọwọ́ lé itan, tí wọ́n á ní, "A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ná." Ṣùgbọ́n bí ọlọ́kadà bá já wọ títì lójijì tí awakọ̀ sì tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kò sí ọwọ́ ìyá tó lè di ọmọ mú, bó ti wù kó lágbára tó. Ìjókòó ọmọ, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní car seat, ló lè dì í mú. Ọmọ ọwọ́ sì gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ̀yìn ọkọ̀ nínú rẹ̀, nítorí orí rẹ̀ wúwo, ọrùn rẹ̀ kò sì tíì gbó. Bí ìyá ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ìpàkọ́ ọmọ ró tó bá ń wẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn ìjókòó yìí ṣe ń gba orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé ìjókòó tó kọjú sẹ́yìn máa ń gba ààyè, ọkọ̀ ọ̀pọ̀ wa sì kéré: Picanto, Micra, Yaris. Ìjókòó olówó ńlá tí kò wọ inú ọkọ̀ yín dáadáa kò sàn ju èyí tó rẹlẹ̀ lówó tó sì dúró ṣinṣin.

1. Ẹ wọn ọkọ̀ kí ẹ tó béèrè iye

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń wakọ̀ jókòó bó ṣe máa ń jókòó gan-an, kì í ṣe bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá fẹ́ fi ààyè sílẹ̀ fún yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tépù wọn ibi ìfẹ̀yìntì síìtì ẹ̀yìn títí dé ẹ̀yìn síìtì iwájú, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wọn ẹ̀gbẹ́ kejì náà. Lẹ́yìn ẹni tó bá kúrú jù nínú àwọn méjì tó ń jókòó níwájú ni ààyè ti máa ń pọ̀ jù. Ẹ má fún awakọ̀ mọ́ sítíárì nítorí ìjókòó ọmọ o. Ìyẹn náà léwu.

Síìtì iwájú ńkọ́? Bí airbag, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń tú jáde nígbà ìjàǹbá, bá wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, ẹ má gbé ọmọ tó kọjú sẹ́yìn síbẹ̀ láéláé. Bó bá tú jáde, ẹ̀yìn ìjókòó náà ló máa gbá, agbára rẹ̀ sì lè pa ọmọ.

2. Ẹ yẹ bẹ́líìtì wò

Àárín síìtì ẹ̀yìn dára, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ bẹ́líìtì ìbàdí nìkan ló wà níbẹ̀. Ìwé ìlò ìjókòó náà ni yóò sọ bóyá ìyẹn tó. Àwọn ìjókòó kan láti Yúróòpù, bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ yí ẹ̀yìn wọn ká, bẹ́líìtì ọkọ̀ kékeré sì lè kúrú jù.

Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa láti Amẹ́ríkà ló ń wá, bẹ́líìtì ẹ̀yìn wọn sì sábà máa ń lè ti ara rẹ̀. Ẹ fà á jáde títí dé òpin, kí ẹ wá jẹ́ kó padà díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ tí kò sì gbà kí ẹ fà á jáde mọ́, ó ti tì nìyẹn, ó sì wúlò gan-an fún dídi ìjókòó ọmọ. Ẹ tún ti ìka bọ àlàfo tó wà láàárín ibi ìjókòó àti ibi ìfẹ̀yìntì. Bí ẹ bá kan irin tín-ín-rín méjì níbẹ̀, ọkọ̀ yín ní ibi tí wọ́n ń fi ìkọ́ ara ìjókòó ọmọ há, èyí tí wọ́n ń pè ní ISOFIX tàbí LATCH. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002 ló ní in.

3. Ẹ yan irú èyí tó bá ọkọ̀ mu

Irú méjì ló wọ́pọ̀. Èyí tó ní ọwọ́ tí a fi ń gbé e bí apẹ̀rẹ̀ kéré, ó sì sábà máa ń wọ ọkọ̀ kékeré. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti Yúróòpù máa ń gba ọmọ títí dé kìlógíráàmù 13. Irú kejì ń pẹ́ lọ́wọ́ nítorí ó lè yí kọjú síwájú bí ọmọ bá dàgbà, àmọ́ ó tóbi. Fún ọmọ tuntun nínú ọkọ̀ kékeré, èyí tó kéré ni èmi ń dá lábàá, bí owó bá lè ra ìkejì lẹ́yìn náà.

Bí ẹ bá rí i tòkunbọ̀, ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ tí ìjókòó náà wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti ní ìjàǹbá rí. Bí olùtajà kò bá mọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ yí i dojú dé kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n ṣe é wà níbẹ̀, nígbà mìíràn ọjọ́ tí ìlò rẹ̀ máa parí náà wà. Ti Yúróòpù á ní lẹ́tà E nínú òbìrí, pẹ̀lú R44 tàbí R129, ìyẹn nọ́ńbà òfin ààbò ìjókòó ọmọ. Ti Amẹ́ríkà á ní àkọlé pé ó bá òfin ààbò ọkọ̀ ìjọba àpapọ̀ wọn mu (Federal motor vehicle safety standards). Bí wọ́n bá ti ha gbogbo rẹ̀ kúrò, ẹ má rà á.

4. Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó

Ẹ wakọ̀ lọ bá olùtajà. Olùtajà tó ní òun kò lè jẹ́ kí ẹ dán an wò, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Ilẹ̀ Iléṣà àti Ifẹ̀ kún fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí náà ẹ wá ibi tó tẹ́jú kí ẹ tó wo àmì ara ìjókòó tó ń fi hàn bó ṣe fẹ̀yìn tì tó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ṣì yín lọ́nà. Ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn tì dáadáa kí àgbọ̀n rẹ̀ má wó lu àyà, kí ọ̀nà èémí rẹ̀ má bàa dí. Bí ẹ bá ti dì í tán, ẹ di ibi tí bẹ́líìtì gbà kọjá mú, kí ẹ mì í. Kò gbọ́dọ̀ yí ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ.

5. Ẹ gbé ọmọ sínú rẹ̀

Okùn èjìká gbọ́dọ̀ ti ibi èjìká ọmọ tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ jáde. Ẹ fi ìka méjì gbìyànjú láti fún okùn náà pọ̀ lórí èjìká: bí ẹ bá rí i fún pọ̀, ẹ tún fà á. Nígbà ọyẹ́, ẹ má wọ swẹ́tà tó nípọn fún un kí ẹ tó di okùn. Aṣọ náà ń fi àlàfo sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ dì í tán, kí ẹ wá fi aṣọ bò ó lórí okùn. Bí ọkọ̀ bá ti pẹ́ nínú oòrùn, ẹ fọwọ́ kan irin ìkọ́ kó tó kan itan ọmọ.

Nígbà tí orí ọmọ bá kù bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 kó dé etí òkè ìjókòó, tàbí tó bá ti wúwo ju iye tí a kọ sára rẹ̀ lọ, ẹ wá èyí tó tóbi jù, kí ó sì máa kọjú sẹ́yìn nínú ìyẹn náà títí ìwọ̀n rẹ̀ á fi tó.