Ẹ Má Tíì Ra Áàpù: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nínú Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Tó Ní Akọ̀wé Kan Ṣoṣo

Bí ìgbìmọ̀ aláṣẹ tuntun bá ti wọlé nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé, "A fẹ́ sọ ẹgbẹ́ wa di ti ìgbàlódé." Kí oṣù mẹ́ta tó pé, wọ́n á ti sanwó áàpù, wọ́n á ti tẹ káàdì ìdánimọ̀ tuntun, wọ́n á ti rán aṣọ ẹgbẹ́. Kí ọdún tó yí po, kò sẹ́ni tó ń ṣí áàpù náà mọ́, akọ̀wé á ti padà sídìí lẹ́jà rẹ̀, ìyẹn ìwé ńlá tó ń kọ ìṣirò owó sí, owó á sì ti wọgbó. Ó ń bí mi nínú gan-an, torí kì í ṣe owó ìjọba. Owó aránṣọ ni, owó tíṣà ni, owó ìyá tó ń ta èlùbọ́ ni.

Ẹgbẹ́ tí mò ń bá wí ni èyí tó ní ọmọ ẹgbẹ́ bíi 100 sí 300, tó ní akọ̀wé kan tó ń gbowó oṣù, bóyá pẹ̀lú ọmọ ọ́fíìsì kan. Bí a ṣe ń yáwó àti ìdí tí a fi ń wá onídùúró, ẹ ti mọ ìyẹn.

Àṣìṣe kìíní: ríra áàpù nígbà tí ìwé kò tíì báláǹsì

Áàpù kì í tún ìwé ṣe. Iye tí ẹ bá kó sínú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni yóò máa rò lọ. Bí owó ìyá kan bá fi ₦14,000 dín nínú lẹ́jà, áàpù á gbé àṣìṣe yẹn sórí fóònù rẹ̀, òun náà á sì rí i ní aago mẹ́wàá alẹ́. Tílẹ̀ bá fi máa mọ́, èrò á ti kún ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ó ṣeé ṣe kí àṣìṣe náà ti wà nílẹ̀ láti ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo wọn yóò sọ ni pé áàpù ti jẹ owó àwọn. Ọ̀pọ̀ áàpù, ibẹ̀ ló ti ń kú. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ ṣírò ohun tí ẹ fẹ́ rà. Ká ní ẹ jẹ́ 160, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ní ìlà mẹ́rin lóṣù: owó ìfipamọ́, owó ìpín, gbèsè tó san, àti èlé. Ìlà 640 nìyẹn. Akọ̀wé tó mọṣẹ́ kì í lò ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ lórí ìlà kan, nítorí náà gbogbo rẹ̀ kò ju wákàtí márùn-ún àti ogún ìṣẹ́jú lóṣù. Bí áàpù bá ń gba ₦480,000 lọ́dún, ₦40,000 lẹ fi ń ra wákàtí márùn-ún yẹn lóṣooṣù.

Kíkọ kọ́ ló ń jẹ ọjọ́ mọ́ akọ̀wé lọ́wọ́. Wíwá ẹni tó ni owó tó wọlé ni. Tírànsífà ₦15,000 wọlé láti orúkọ tí kò sí nínú ìwé, torí ọkọ ló san án fún ìyàwó. Adébáyọ̀ méjì ló wà nínú ẹgbẹ́, owó ti èkíní wá bọ́ sórúkọ èkejì. Ilé iṣẹ́ yọ owó ènìyàn 58 lára owó oṣù wọn, ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n orúkọ 57 ló wà nínú ìwé tó tẹ̀ lé e. Irú èyí méjìlá péré lè gba ọjọ́ iṣẹ́ méjì gbáko. Kò sí áàpù tó lè bá yín mọ̀ pé ọkọ ta ló san owó ta.

Oògùn èyí kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹ fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, láti M001 dé M160, kí ẹ kọ ọ́ síwájú páàsíbúùkù rẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ dòfin pé ẹni tó bá ń fi owó ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà yẹn síbi àlàyé. Bí ẹnikẹ́ni bá kúrò nínú ẹgbẹ́, ẹ má gbé nọ́ńbà rẹ̀ fún ẹlòmíràn láéláé, torí gbèsè àtijọ́ lè jí dìde sórí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá jókòó ti ìwé. Ẹ mú ọjọ́ kan bí ààlà. 31 Oṣù Kejìlá dára. Ẹ ro iye tó wà lórúkọ gbogbo ènìyàn pọ̀, kí ẹ fi wé àròpọ̀ tó wà nínú lẹ́jà gbogbogbò, èyí tó kó ìṣirò gbogbo ẹgbẹ́ pọ̀. Owó ìfipamọ́ lọ́tọ̀, owó ìpín lọ́tọ̀, gbèsè lọ́tọ̀. Bí ìyàtọ̀ tó jáde bá ṣeé fi 9 pín láìṣẹ́kù, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ẹnìkan ti yí nọ́ńbà síra, bíi ₦5,400 tí wọ́n kọ ní ₦4,500. Bí kò bá ṣeé pín bẹ́ẹ̀, ẹ wá iye yẹn gan-an, ẹ tún wá ìdajì rẹ̀: owó tó yẹ kó wọlé tí wọ́n kọ bí èyí tó jáde máa ń sọ ìyàtọ̀ di ìlọ́po méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ìwé báńkì sílẹ̀ kí ẹ fi àmì sí ìlà kọ̀ọ̀kan tó bá ní èkejì rẹ̀ nínú ìwé tiyín. Èyí tí kò bá ní, ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

Ẹ wá fún ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé pélébé: "Iye tí a bá lórúkọ yín rèé." Ọjọ́ 14 ni kí wọ́n ní láti fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n mú rìsíìtì wá. Ìgbìmọ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí gbogbo àtúnṣe, kì í ṣe akọ̀wé nìkan. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́ ni pé ó máa ń rẹ akọ̀wé, á wá kó gbogbo ìyàtọ̀ sí ojú ìwé kan tó pè ní "owó tí a kò tíì mọ̀", kí ìwé lè báláǹsì tipátipá. Kò burú kí ojú ìwé bẹ́ẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n bí owó bá lò ju oṣù mẹ́ta lọ níbẹ̀, ẹ pe ìpàdé lé e lórí.

Nígbà tí ìwé bá ti báláǹsì fún oṣù mẹ́ta léraléra lórí Excel lásán, ẹ lè máa wá áàpù. Ẹ lo òun àti lẹ́jà pọ̀ fún oṣù méjì, kí ẹ tó pa lẹ́jà tì. Ẹ bi ẹni tó ń tà á ní ohun mẹ́ta: ṣé àwa fúnra wa lè kó gbogbo àkọsílẹ̀ wa jáde lọ́jọ́ tó bá wù wá? Ṣé Excel lè ṣí i? Lọ́jọ́ tí a kò bá sanwó mọ́, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí i? Ẹni tó bá dáhùn pé "ẹ má ṣèyọnu, a máa bá yín ṣe é", ẹ dìde ńlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má sì yọ owó yìí nínú owó àpamọ́ tí òfin ní kí ẹ máa yà sọ́tọ̀ lára èrè. Ìyẹn wà fún ọjọ́ ìṣòro.

Àṣìṣe kejì: ohun ẹgbẹ́ lórúkọ ẹnìkan

Síímù tí báńkì fi ń ránṣẹ́ wà lórúkọ akápò. Ímeèlì ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ ọmọ ààrẹ àná. Lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, tàbí tí ọlọ́jọ́ bá dé, ẹgbẹ́ kò ní lè wọ inú àpò owó ara rẹ̀. Ẹ forúkọ ẹgbẹ́ gba síímù. Ẹ kọ gbogbo pásíwọ̀ọ̀dù sínú àpòòwé tí ẹni méjì fọwọ́ sí lójú ibi tí wọ́n lẹ̀, kí ẹ sì yí gbogbo rẹ̀ padà lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ bá pààrọ̀.

Àṣìṣe kẹta: ọ̀gá mẹ́rin, akọ̀wé kan

Ààrẹ pè ní aago méje, akápò pè ní mẹ́sàn-án, alága ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó pè lọ́sàn-án, oníkálukú sì ní tòun ló yá jù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní akọ̀wé àwọn kò ní làákàyè tuntun. Níbo ni kó ti rí i? Ẹnìkan ṣoṣo ni kó máa gbé iṣẹ́ lé akọ̀wé lọ́wọ́. Ẹ jọ jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, kí ẹ kọ iṣẹ́ mẹ́ta sílẹ̀, kí iṣẹ́ kẹrin má wọlé àfi bí ọ̀kan bá parí. Ẹ yé máa fi gbogbo owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rán ààrẹ lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì. Nínú ìlànà méje tí ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn aláfọwọ́sowọ́pọ̀ fọwọ́ sí ní Manchester lọ́dún 1995, ìkarùn-ún ni ẹ̀kọ́, ó sì dárúkọ òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ọmọ ẹgbẹ́ àti aṣáájú. Ẹni tó di lẹ́jà mú ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ.

Àṣìṣe kẹrin: ìgbìmọ̀ tuntun fún gbogbo èrò tuntun

Ẹ má dán an wò.

Ẹ̀yáwó wákàtí 48

Wọ́n á ní ẹni tó bá béèrè ẹ̀yáwó gbọ́dọ̀ rí owó gbà láàárín wákàtí 48. Èyí ni "àrà tuntun" tó ń pa ẹgbẹ́ jù. Ká ní gbogbo owó tí ẹ fi pamọ́ jẹ́ ₦10,000,000, òfin yín sì ní ènìyàn lè yá ìlọ́po méjì ohun tó fi pamọ́. Bí gbogbo yín bá béèrè lọ́jọ́ kan náà, ₦20,000,000 ni ẹ jẹ ara yín. Ohun tí kò jẹ́ kí ó dà rú láti ọjọ́ yìí ni pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń yáwó, àti pé ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó ń jókòó lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìdúró yẹn tí ẹ ń bú ni ọgbà tó yí owó ká. Ẹ wó ọgbà, ẹ kò ṣe òmíràn. Lóṣù kejì, àpò gbẹ. Àwọn tó kù sẹ́yìn bínú, wọ́n ní kí ẹ kó owó ìfipamọ́ àwọn fún àwọn, owó náà sì ti wà níta.

Ọgbà tuntun rèé. Ẹ wo iye tó wọlé lóṣù tó kọjá, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ gba owó wọn, ìyókù nìkan lẹ lè yá jáde lóṣù yìí. Ẹ sì kọ́kọ́ dán an wò: ènìyàn 20, oṣù mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yá ju ₦50,000, àpò ìdánwò náà kò sì gbọ́dọ̀ ju ₦500,000. Ìyẹn ni pé ẹni mẹ́wàá péré ló lè yá ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó sì tètè rí bí àwọn tó kù ṣe ń hùwà nígbà tí wọ́n bá ń retí. Ẹ ṣẹ́ kèké mú àwọn 20 náà, kó má lọ jẹ́ ọ̀rẹ́ ìgbìmọ̀ nìkan. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ohun tí yóò dá a dúró sílẹ̀: bí ẹni mẹ́ta bá kọjá ọjọ́ ìsanpadà, ó parí. Bí ẹ kò bá kọ ọ́ ṣáájú, ojú á máa ti ààrẹ láti gbà pé èrò òun kò ṣiṣẹ́, á sì máa fa owó yín lọ.

Àwọn 28 tó dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ nílùú Rochdale ní England lọ́dún 1844 kò bẹ̀rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pọ́n-ùn 28 ni owó wọn. Bọ́tà, ṣúgà, ìyẹ̀fun, óòtì àti àbẹ́là díẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ tà.

WhatsApp kì í ṣe ìpàdé

Àmì àtàǹpàkò 37 lórí fóònù kì í ṣe ìbò. Bí ọ̀rọ̀ bá délé ẹjọ́, ìwé ìpàdé ni wọn yóò béèrè, pẹ̀lú iye ènìyàn tó jókòó àti ẹni tó dábàá. Ẹ má sì máa lẹ orúkọ onígbèsè mọ́ ibẹ̀. Láti 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn, BVN àti iye gbèsè ẹni kì í sì í ṣe ohun tí a ń jù sáàárín èrò. Lẹ́tà ni kí ẹ kọ sí onígbèsè àti àwọn onídùúró rẹ̀.

Aṣáájú tí kò lè lọ sinmi

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Síbẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ọ̀dọ́ tó bá dábàá nǹkan nípàdé, "ẹ jókòó, a ti gbọ́" ni èsì rẹ̀. Ẹ ya ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ́tọ̀ ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n bá dábàá, ẹ kọ ohun mẹ́ta tì í: ta ni yóò ṣe é, èló ni, ọjọ́ wo ni a ó yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí ẹ kò bá gbà, ẹ sọ ìdí rẹ̀ kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé.

Ẹni mẹ́ta ni kó ní àṣẹ ìbuwọ́lùwé ní báńkì, kí méjì nínú wọn tó láti gbowó. Akọ̀wé gbọ́dọ̀ lo ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún, kí ẹlòmíràn di lẹ́jà mú. Ọ̀pọ̀ owó tó ń jò, ìgbà tí ẹni tó ń bo ojú ihò kò sí nílé ni wọ́n máa ń rí i. Akọ̀wé olóòótọ́ náà ń jàǹfààní, torí ẹgbẹ́ á mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Ọdún kan kí ààrẹ tó kúrò ni kí igbákejì rẹ̀ ti máa darí ìpàdé, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lọ́jọ́ ìgbàfà, ìyẹn ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ àná ń fa iṣẹ́ lé ti tuntun lọ́wọ́, ẹ ka ohun gbogbo lójú ìgbìmọ̀ méjèèjì: ìwé báńkì gbogbo, ìwé sọ̀wédowó àti nọ́ńbà èyí tó kù nínú rẹ̀, lẹ́jà, ìwé ìpàdé, àkọsílẹ̀ onígbèsè pẹ̀lú àwọn onídùúró wọn, ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀, ìwé ọ́dítọ̀ ọdún mẹ́ta, síímù, àpòòwé pásíwọ̀ọ̀dù. Bí akápò tuntun bá rí ìyàtọ̀, kó kọ iye rẹ̀ sórí ìwé ìgbàfà kó tó buwọ́ lù ú. Bó bá buwọ́ lù ú ná, tó ní òun á wò ó tó bá yá, ìyàtọ̀ yẹn ti di tirẹ̀.