Ohùn tó ń dà rú láàárín lórí Sound Blaster, àti bí mo ṣe tún un ṣe

Ètò kan tí mo kọ fún DOS, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà àtijọ́, ni ó yẹ kí ó máa gbé ohùn tí mo gbà sílẹ̀ jáde láti inú Sound Blaster, káàdì ohùn inú kọ̀ǹpútà, báìtì 8,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Nígbà mìíràn, "Ẹ káàárọ̀" a jáde ketekete. Nígbà mìíràn, nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ni a ó gbọ́ kí ariwo játijàti tó gba ìyókù. Fáìlì ni mo kọ́kọ́ fura sí, mo sì fi alẹ́ méjì ṣòfò.

Ìgbà tí mo tẹ àdírẹ́sì ibi tí ohùn náà wà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà jáde ni ojú mi là. 1F000h ni ohùn ti bẹ̀rẹ̀ (h túmọ̀ sí pé òǹkà onípìlẹ̀ mẹ́rìndínlógún ni), ó sì ku 4 KB péré kí ó kan 20000h. DMA 8237, ṣíìpù tó ń gbé dátà láti inú ìrántí lọ sí káàdì ohùn láìgba ọwọ́ CPU, kì í ré ààlà 64 KB kọjá. Bí ó bá dé ibẹ̀, 10000h ni ó ń padà sí, tí yóò sì máa ka ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ bí ẹni pé ohùn ni.

Mo wá gba ààyè 32 KB dípò 16 KB. Bí ìdajì àkọ́kọ́ bá kọjá ààlà, ìdajì kejì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 23000h, ni mo ń lò: mo kọ 2 sí ojú-ọ̀nà 83h, tó ń gba nọ́ńbà ìpín 64 KB tí ohùn wà, mo sì kọ 3000h, ibi tí ohùn ti bẹ̀rẹ̀ nínú ìpín náà, sí 02h, báìtì kan lẹ́yìn èkejì. Láti ìgbà náà, ìkíni náà ń parí.