Bí A Ṣe Ń Ka Ìwé Àkókò Ọkọ̀ Ojú Irin

Ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó lọ sí Ìbàdàn nílò láti mọ aago oníwákàtí 24, torí òun ni ìwé àkókò ọkọ̀ sábà máa ń lò. Bí nọ́ńbà tó ṣáájú bá ju 12 lọ, ẹ yọ 12 kúrò: 16:40 di 4:40, ìyẹn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ku ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má kà á sí aago mẹ́fà o, àṣìṣe tó rọrùn láti ṣe nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá orúkọ ibùdókọ̀ tí ẹ ti fẹ́ wọlé, kí ẹ fi ìka tọ ìlà rẹ̀ títí dé abẹ́ ọkọ̀ tí ẹ fẹ́, nítorí ẹni tó fẹ́ wọkọ̀ ní Abẹ́òkúta kò gbọdọ̀ ka àkókò tí ọkọ̀ máa gbéra ní Èkó. Ẹ tún yẹ ọjọ́ wò, torí àkókò òpin ọ̀sẹ̀ lè yàtọ̀.