Bí Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ Onílé Ṣe Lè Bójú Tó Owó Àdúgbò

Ní Ìlọrin, pàápàá ní àwọn àdúgbò bíi Tanke àti Gáà-Akáńbí, owó ni ó sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ onílé, nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí àkáǹtì báńkì ní orúkọ ẹgbẹ́, kí alága, akọ̀wé àti akápò sì jọ máa buwọ́ lùwé kí owó tó jáde. Ẹ má ṣe jẹ́ kí owó ọdẹ wọ àkáǹtì ẹnikẹ́ni, bó ti wù kí ó jẹ́ olóòótọ́ tó. Kí ẹni tí ó bá sanwó gba rìsíìtì tí orúkọ rẹ̀, iye owó àti oṣù tí ó san fún wà nínú rẹ̀.

Bí tiransifọ́mà bá bàjẹ́, ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ iná, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Bí àdúgbò bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ rà á, ẹ bá ilé-iṣẹ́ iná kọ àdéhùn bí owó náà yóò ṣe padà kí ẹnikẹ́ni tó dá kọ́bọ̀.

Ẹ pe àwọn ayálégbé sí ìpàdé, àwọn náà kúkú ń san owó ọdẹ. Ọ̀sán Àìkú dára jù, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, nígbà tí àwọn tí ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì yóò ti dé.