Bí a ṣe fi balùwẹ̀ kejì kún ilé wa

Ibi tí omi ìdọ̀tí máa gbà jáde ló sọ ibi tí balùwẹ̀ wa tuntun máa wà. Kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe ẹni tó ya àwòrán ilé. Yàrá kan la fẹ́ fà yọ sẹ́yìn ilé, a sì fẹ́ kí balùwẹ̀ àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà lára rẹ̀, torí pé títò sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ kan ṣoṣo láràárọ̀ ti sú gbogbo wa.

Ayàwòrán fi í sí igun tó jìnnà jù, níbi tí fèrèsé ti máa gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa. Ó dùn ún wò lórí ìwé. Púlọ́ńbà tẹjú mọ́ ọn, ó ní: "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣí kòtò àyẹ̀wò tí páìpù ìdọ̀tí ń já sí yẹn ná, ká wo bó ṣe jìn tó."

Ó mọ ohun tó ń sọ. Páìpù oní-ínǹṣì 4 tó ń gbé ìgbẹ́ jáde gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀: tó bá rìn ní mítà kan, kó fi nǹkan bíi mìlímítà 25 relẹ̀. Láti igun tí ayàwòrán yàn dé ibi kòtò náà tó mítà 12. Ẹ ṣírò rẹ̀: sẹ̀ńtímítà 30 ni páìpù máa fi sọ̀kalẹ̀ kó tó débẹ̀, kòtò wa kò sì jìn tó bẹ́ẹ̀. Àfi ká gbé ilẹ̀ balùwẹ̀ ga, ká wá máa gun àtẹ̀gùn lọ tọ̀! Mo kọ̀. A gbé e wá fẹ̀yìn ti balùwẹ̀ àtijọ́, ògiri kan náà láàárín àwọn méjèèjì. Páìpù kúrú sí mítà 4, ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ di sẹ̀ńtímítà 10 péré, omi tútù àti omi gbígbóná sì wà nítòsí láti fà. Fèrèsé kéré sí i. Kò dùn mí.

Ìwé àṣẹ jáde kí a tó gbẹ́ ohunkóhun. Kí wọ́n tó mọ ògiri sókè, mo fi ẹfun ya ojú ibi tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì àti bẹ́sìnì máa wà sílẹ̀, mo da korobá délẹ̀, mo ní kí ẹni tó ga jù nínú ilé jókòó lé e. Láti àárín ìjókòó sí ògiri ẹ̀gbẹ́, ó kéré tán, sẹ̀ńtímítà 38. Kí 60 sì ṣófo níwájú fún orúnkún. Ibẹ̀ la ti rí i pé ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ṣí síta. Ó tẹ́ mi lọ́rùn, torí tí ẹnìkan bá ṣubú sínú, ara rẹ̀ ò ní dí ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó fẹ́ gbé e.

Ibi tí ilé àtijọ́ ti pàdé tuntun ló gba ìrònú jù lọ. Ìpìlẹ̀ àtijọ́ ti jókòó tán. Tuntun ṣì máa rì díẹ̀. Tí a bá lẹ ògiri méjèèjì pọ̀ pinpin, yóò sán ni. Bíríkìlà fi àlàfo tóóró sílẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó fi irin pẹlẹbẹ so wọ́n kí wọ́n lè máa yọ̀ lára wọn, ó sì fi nǹkan rírọ̀ tó ń fà dí i. Èmi ni mo ní kí ṣáwà má sí ní igun yẹn rárá. Ibi tí páìpù ti gba inú ìpìlẹ̀ kọjá náà, a fi àyè sí i yí ká, kí ilé má baà jókòó lé e lórí.

Omi díẹ̀ máa ń dúró nínú kọ́nà páìpù lábẹ́ bẹ́sìnì àti ṣáwà. Òun ni ilẹ̀kùn tí kì í jẹ́ kí òórùn gòkè wá. Tí ẹnìkan bá fọ́ṣì tọ́ílẹ́ẹ̀tì, omi tó ya lọ á fa afẹ́fẹ́ tẹ̀lé ara rẹ̀. Tí kò bá rí ti òde fà, omi inú kọ́nà yẹn ló máa fà lọ. Nítorí náà, páìpù afẹ́fẹ́ kan gba àjà, ó yọrí lókè òrùlé.

Kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, wọ́n ti omi mọ́ inú páìpù omi tútù àti ti gbígbóná títí ó fi le dain, wọ́n fi sílẹ̀ mọ́jú, abẹ́rẹ́ géèjì tó ń wọn agbára omi náà kò sì kúrò lójú kan. Mo ya fọ́tò ògiri kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tépù ìwọ̀n lára rẹ̀.

Táìsì kọ́ ló ń dá omi dúró o. Omi máa ń gba ojú ìsopọ̀ wọn wọlé díẹ̀díẹ̀. Ohun tí wọ́n kùn sábẹ́ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kùn tiwa, wọ́n fi aṣọ tín-ínrín tẹ àwọn igun, níbi ṣáwà wọ́n kùn ún ga ju orí èèyàn lọ. Nígbà tó gbẹ, a dí ihò omi, a da omi kún ilẹ̀, mo fàmì sí ibi tó dé, a fi sílẹ̀ fún wákàtí 24 láti wò bóyá yóò fà. Oní-táìsì ń kùn pé òun ti ṣetán. Ó dúró.

Ti iná kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: sùwíìṣì wà níta, bíréékà tó ń já tí iná tó jò bá tó 30 mA, ìyẹn ìwọ̀n kékeré gan-an, ló ń ṣọ́ ọ, fáànù sì ń tú ooru jáde síta gan-an, kì í ṣe sínú àjà, níbi tí ọ̀rinrin á ti máa jẹ igi òrùlé.

Lọ́jọ́ tí a ṣí i, mo fọ́ṣì tọ́ílẹ́ẹ̀tì tuntun, ẹnìkejì mi sì tẹ́tí sí bẹ́sìnì àtijọ́ bóyá yóò dún gbọ̀ọ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń fa omi inú kọ́nà rẹ̀ lọ. Kò dún. Nígbà tí mo wá fẹ́ lu ihò láti gbé dígí kọ́, mo ṣí àwọn fọ́tò yẹn: páìpù omi gbígbóná wà níbi tí mo fẹ́ lù gẹ́lẹ́. A sún dígí náà sí apá òsì.