Bí Mo Ṣe Wọn Inú Ẹsẹ̀ Mi Kí N Tó Tún Ra Jíìnsì

Jíìnsì méjì ni mo tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé ọ̀kan lé èkejì. Láti ìbàdí dé ìṣẹ́tí, gígùn wọn dọ́gba géérégé. Síbẹ̀, bí mo bá wọ dúdú, á dúró sí ọrùn ẹsẹ̀ mi bíi pé wọ́n bí i mọ́ mi. Bí mo bá wọ búlúù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ńṣe lá máa wọ́ nílẹ̀. Mo wọ̀ ọ́ láti Fọlágbadé dé Òkè-Ajé ní ọjọ́ kan péré, etí rẹ̀ tó wà lábẹ́ gìgísẹ̀ ti ń ja, ó sì ti kó gbogbo ẹrẹ̀ Ìjẹ̀bú-Òde jọ.

Bí gbogbo wa ṣe ń ra jíìnsì ni mo ṣe rà á. Ṣọ́ọ̀bù náà kò níbi téèyàn ti lè wọ ṣòkòtò wò, nítorí náà mo fi ìbàdí rẹ̀ yí ọrùn mi ká. Bí etí méjèèjì bá pàdé lẹ́yìn ọrùn láìfún, ó máa gba ìdí nìyẹn. Ọgbọ́n yẹn kò tíì já mi kulẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lẹ́yìn náà mo gbé e síwájú ìbàdí, mo jẹ́ kó rọ̀ dé ẹsẹ̀. Ọmọ tó ń tajà ní, "Ó bá yín mu, àǹtí." Mo sanwó.

Ìgbà tí mo jókòó ti àwọn méjèèjì lórí bẹ́ẹ̀dì ni ojú mi tó là. Dúdú ga lókè, ó ń dé ìdodo mi. Búlúù kúrú lókè, orí egungun ìbàdí ni bọ́tìnnì rẹ̀ mọ. Gígùn tí dúdú ná sí òkè, ẹsẹ̀ ni búlúù kó tiẹ̀ lọ. Mo wá wọ̀n wọ́n láti ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé lábẹ́ wá sílẹ̀, ìyẹn inú ẹsẹ̀: dúdú jẹ́ ínṣì 28, búlúù jẹ́ 31. Ínṣì mẹ́ta gbáko ni mo ti fi ń gbálẹ̀ ìgboro.

Mo gbé e lọ bá télọ̀ àdúgbò. Mo ní kí bàbá bá mi gé ínṣì mẹ́ta kúrò.

"Ṣé ó dá ẹ lójú, ìyá mi?"

"Ó dá mi lójú, sà. Mo ti wọ̀n ọ́n."

Wọ́n gé e, wọ́n ṣẹ́ ẹ létí, ó bá mi mu wẹ́kú. Ohun tí èmi pẹ̀lú wọn gbàgbé ni pé aṣọ tuntun ni, kò tíì kan omi rí. Aṣọ òwú máa ń súnkì bí omi bá kọ́kọ́ kàn án, gígùn rẹ̀ ló sì máa ń jẹ jù. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sá a sórí okùn, ínṣì kan ti lọ. Ṣòkòtò tó ń wọ́ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá dà bíi ti ẹni tó fẹ́ sọdá odò. Mi ò lè di ẹ̀bi ru bàbá télọ̀, ohun tí mo ní kí wọ́n gé ni wọ́n gé. Àbúrò mi ló ń wọ̀ ọ́ báyìí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú ju tèmi lọ, ó sì ń dúpẹ́ bíi pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é fún un ni.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí. Bí Iléyá bá ku oṣù mélòó kan, tépù á ti máa yí wa nídìí kiri nítorí Ojúde Ọba ọjọ́ kẹta ọdún. Kò sí ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí aṣọ tòun ṣò tàbí kó fún lójú agbo. Ṣùgbọ́n jíìnsì tí mo ń wọ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ojú lásán ni mo fi ń wọ̀n ọ́n.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, mo pe àbúrò mi wọ yàrá, mo ní ká wọn ẹsẹ̀ mi bó ṣe yẹ. Tépù ìyá wa la kọ́kọ́ mú, èyí tí wọ́n ti ń lò láti ìgbà tí mo wà ní pírámárì. Nǹkan kan ní kí n gbé e lé rúlà. Ibi tí rúlà ti pe sẹ̀ǹtímítà 30, tépù ìyá mi kò tíì pé 30. Tépù aláṣọ máa ń fà bó bá pẹ́ nílé, nọ́ńbà ara rẹ̀ á wá jìnnà síra wọn. A fi í sílẹ̀, a lo tèmi.

Ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ le lèèyàn nílò. Bíbélì ló kọ́kọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo rọra dá a padà sórí tábìlì, mi ò lè ki Ìwé Mímọ́ sáàárín itan nítorí ṣòkòtò. Ìwé àjọ kan tí ìyá mi kò lò mọ́ la wá mú. Mo bọ́ bàtà, mo fi ẹ̀yìn àti gìgísẹ̀ ti ògiri, mo ya ẹsẹ̀ díẹ̀. Mo fa ìwé náà sókè láàárín itan, ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sókè, etí rẹ̀ kan lẹ̀ mọ́ ògiri, títí ó fi kàn mí bí ìjókòó kẹ̀kẹ́ ológeere. Àbúrò mi fi pẹ́ńsù fa ìlà sára ògiri níbi tí ẹ̀yìn ìwé dé, mo kúrò, a wọ̀n láti ilẹ̀ dé ojú ìlà.

Ìgbà àkọ́kọ́, ínṣì 29. Mo ti bẹ̀rẹ̀ wo ohun tó ń ṣe, ara mi sì ti rọ̀ wálẹ̀. Ìgbà kejì, 30, nítorí ìwé náà wọ́, apá kan rẹ̀ ga ju èkejì lọ. Ìgbà kẹta mo wo iwájú gan-an bí ẹni tó ń ya fọ́tò páṣípọ́ọ̀tù: 29 àti ààbọ̀. A tún un ṣe, ibẹ̀ náà la bá a. Ẹni tó bá fẹ́ dá a ṣe máa jìyà díẹ̀, torí bó bá ti bẹ̀rẹ̀ wo tépù, gbogbo ara ti kúrò níbi tó wà.

Ṣùgbọ́n 29 àti ààbọ̀ kọ́ ni mo máa rà. Ilẹ̀ ni ìyẹn dé, láìwọ bàtà. Dúdú tó bá mi mu jẹ́ 28: ìṣẹ́tí rẹ̀ ń kan orí bàtà pẹlẹbẹ, kò kan ilẹ̀. Bí mo bá fẹ́ wọ bàtà gogoro, mo lè gbé e dé 30. Èyí tó fún lẹ́sẹ̀ ńkọ́? 27 ti tó, nítorí kò lè bo bàtà, bó bá gùn jù, á kàn ká jọ sí ọrùn ẹsẹ̀ ni.

Ká sọ òótọ́, ẹni tó bá ti ní ṣòkòtò kan tó bá a mu kò nílò ògiri rárá. Mo fi bọ́tìnnì jíìnsì dúdú há, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo ká ẹsẹ̀ kan kúrò lórí èkejì, mo sì fi ọwọ́ nà án kó má ká sójú kan. Lábẹ́ níbẹ̀, ojú rírán mẹ́rin pàdé bí oríta. Àárín oríta yẹn ni mo fi orí tépù sí, mo tẹ̀lé ojú rírán inú wá dé òpin ìṣẹ́tí láìfà á.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí nọ́ńbà méjì tó wà lẹ́yìn jíìnsì ń wí. W ni ti ìbàdí, L ni ti inú ẹsẹ̀, ínṣì sì ni àwọn méjèèjì. Ọdún mélòó ni mo ti ń ka ọ̀kan, tí mò ń fojú fo èkejì! Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ télọ̀ ni jíìnsì ti wá: Jacob Davis, télọ̀ ìlú Reno ní Amẹ́ríkà, ni òun àti Levi Strauss jọ gba ìwé àṣẹ ní 1873 lórí irin róbótó tí wọ́n ń kàn mọ́ igun àpò kó má baà ya.

Mo ki tépù sínú báàgì, ó di Òkè-Ajé, ìdí òkìríkà. Òkìríkà ní àǹfààní kan: wọ́n ti fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́ níbi tó ti ń bọ̀, ó ti súnkì tán. Ìyá olókìríkà ń wò mí bí mo ṣe ń tẹ́ ṣòkòtò lórí òkìtì.

"Ṣé télọ̀ ni ẹ́ ni?"

"Rárá, mà."

Èyí tó kọ L30 jẹ́ 30 lóòótọ́. Èyí tó kọ L32, 28 ni mo bá. Mo tún un wọ̀n. Mo wá wo ìṣẹ́tí rẹ̀ dáadáa: òwú tí wọ́n fi rán gbogbo ara rẹ̀ nípọn, ó pọ́n bí ọsàn, ṣùgbọ́n ti ìṣẹ́tí tín-ín-rín, ó sì dúdú. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ti gé e.

"Mà, wọ́n ti gé eléyìí o. Ó kọ 32, ínṣì mẹ́rin ti lọ níbẹ̀."

"Mélòó lo ń wá?"

Mi ò lè purọ́. "28, mà."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n sì yọ 500 náírà fún mi.

Ọkùnrin kan tó fi jíìnsì yí ọrùn ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tú u sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún jáde. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọn tèmi." Mo ní kí wọ́n lọ mú ṣòkòtò tó bá wọn mu jù wá láti ilé. Oríta tó wà lórí tábìlì nìkan lèmi ń wọ̀n.