Bí mo ṣe gbèjà ọgbà ìgbafẹ́ ìpínlẹ̀ ní Florida, láti orí àwòrán ilẹ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ ìṣúná

Orí ìwé ni wọ́n ti ń pa igbó kí katapílà tó débẹ̀, orí ìwé náà ni mo sì ti gbèjà rẹ̀. Ní Florida, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ọgbà ìgbafẹ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ìwé ètò àbójútó tirẹ̀, òfin sì ní kí wọ́n máa tún un ṣe, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún 10. Bí ilẹ̀ náà bá ju éékà 160 lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ yan ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn, kí wọ́n sì pe ará ìlú sí ìpàdé ní káúńtì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, tí ilẹ̀ náà wà. Ìwé náà gbọ́dọ̀ ti wà níta fún ọjọ́ 30 kí ìpàdé tó wáyé. Inú ọjọ́ 30 yẹn ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí wọ́n fọwọ́ sí i kó tó pariwo, ọjà ti tú kó tó dé.

Mi ò ka ìwé ọgbà tiwa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwòrán ilẹ̀ tó fi ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ nǹkan sí hàn ni mo kọ́kọ́ ṣí, lẹ́yìn náà tábìlì ìnáwó, lẹ́yìn náà orí tó dá lórí ẹranko àti ewéko. Mo gbé ìwé àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, mo sì fi bírò pupa fa ilà sábẹ́ gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà. Nínú ti àtijọ́, apá àríwá jẹ́ ilẹ̀ tí wọn ò gbọdọ̀ fi kọ́ ohunkóhun. Nínú tuntun, ó ti di ibi ìpàgọ́ fún ọkọ̀ ńlá tí èèyàn ń sùn sínú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà ọlọ́dà, lórí éékà 50.

Iyanrìn funfun gbígbẹ ni ilẹ̀ apá ibẹ̀, igi óókù tí kò ga ju ènìyàn lọ ló sì hù sí i. Ẹyẹ aláwọ̀ búlúù kan tí wọ́n ń pè ní scrub-jay ló ń gbé ibẹ̀. Kò sí níbòmíràn láyé àfi Florida, ọdún 1987 sì ni ìjọba àpapọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tó wà nínú ewu. Á fi ẹnu ti èso óókù kan ṣoṣo bọ inú iyanrìn, á bò ó mọ́lẹ̀, á sì padà wá hú u jẹ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Iyanrìn tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀ ló ń wá, ìdí nìyẹn tí igbó tí wọn kò bá dáná sun fún ọdún púpọ̀ fi ń lé e lọ: óókù á ga, igi páìnì á dí ojú ọ̀run. Ìdílé kan ń lo nǹkan bí éékà 25, àwọn ọmọ tó ti gòkè sì máa ń dúró ti òbí wọn láti bá wọn tọ́ àbúrò. Éékà 50, ìdílé méjì nìyẹn. Gbólóhùn yìí ni mo gbé lọ sí ìpàdé, nítorí pé éékà kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ìdílé yé wọn.

Lẹ́yìn èyí ni mo wádìí bí wọ́n ṣe rí ilẹ̀ náà rà. Àpò owó kan wà tí wọ́n ń pè ní Land and Water Conservation Fund, tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin dá sílẹ̀ ní 1964. Owó epo àti gáàsì tí wọ́n ń wà lábẹ́ òkun ló ń wọ inú rẹ̀, òfin 2020 sì ti sọ ọ́ di mílíọ̀nù 900 dọ́là lọ́dọọdún. Bí ìpínlẹ̀ bá gbà nínú rẹ̀, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ san ìdajì ìnáwó náà. Ilẹ̀ tí wọ́n bá fi owó yìí rà tàbí tún ṣe, wọn kò lè fi ṣe ohun mìíràn yàtọ̀ sí ìgbafẹ́ ìta gbangba, àfi tí mínísítà ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba bá gbà, tí wọ́n sì fi ilẹ̀ mìíràn tí owó àti ìwúlò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ dípò. Ẹ ṣọ́ra níbí o. Ìpàgọ́ kò rú òfin yìí, ìgbafẹ́ ìta gbangba náà ni. Mi ò fi í bá ọ̀ràn ìpàgọ́ jà rárá. Igun kan lára ọgbà náà tí wọ́n fẹ́ gé fún ọ̀nà márosẹ̀ ni mo lò ó fún. Ẹni tó bá gbé òfin síbi tí kò kàn, wọn ò ní fetí sí ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Láti mọ ààlà ilẹ̀ tí owó náà kàn, mo kọ ímeèlì béèrè ìwé ìjọba. Òfin Florida kò ní kí èèyàn sọ ìdí tó fi ń béèrè. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a béèrè “gbogbo ímeèlì nípa ọgbà yìí”: wọ́n lè bu owó lé iṣẹ́ wíwá rẹ̀, ọjọ́ 30 á sì tán kó tó dé. Àwòrán ààlà, ìwé àdéhùn owó, àti ímeèlì oṣù mẹ́ta tó ní ọ̀rọ̀ méjì pàtó nínú, ìyẹn nìkan ni mo béèrè.

Àkókò tó tó fún ará ìlú kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní oṣù kẹjọ 2024, ìjọba Florida gbé ètò jáde fún ọgbà ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án, lára rẹ̀ ni pápá gọ́ọ̀fù ní Jonathan Dickinson, ibùwọ̀ oníyàrá tó lè tó 350 ní Anastasia àti ní Topsail Hill. Ìpàdé wákàtí kan, ní ọjọ́ kan náà àti àsìkò kan náà, ni wọ́n fi sí i. Ará ìlú tú jáde, wọ́n sì fà á sẹ́yìn kí oṣù tó parí. Ní 2025, àwọn aṣòfin ṣe òfin tó ka pápá gọ́ọ̀fù àti irú ibùwọ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Kò sí ẹnì kan tó dìbò takò ó.

Ní ìpàdé tiwa, ojú ewé kan ni mo mú lọ. Òkè rẹ̀: orúkọ ọgbà, nọ́ńbà ojú ewé nínú ìwé ètò, àti gbólóhùn kan tí mo fẹ́ kí wọ́n yọ kúrò. Ìsàlẹ̀: gbólóhùn tí mo fẹ́ kí wọ́n fi dípò, ní kíkọ pátápátá, kí akọ̀wé kàn dà á kọ ni. Mo fi aago dán ọ̀rọ̀ mi wò, ìṣẹ́jú méjì ni, nítorí pé bí èrò bá pọ̀, wọ́n máa ń gé ìṣẹ́jú mẹ́ta sí méjì tàbí ọ̀kan. Lẹ́tà kan náà tí ọgọ́rùn-ún èèyàn fi ránṣẹ́, bí ẹyọ kan ni wọ́n sábà máa ń kà á. Lẹ́tà mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ ohun tirẹ̀ wúlò jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n ọgbà tí òfin dáàbò bò, tí kò lówó láti máa dáná sun igbó rẹ̀, á kú jẹ́jẹ́. Ní 2014, nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò Florida fi sínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ pé kí ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ìwé títa ilé àti ilẹ̀ máa lọ sí ìdáàbòbò ilẹ̀ àti omi fún ọdún 20. Lẹ́yìn ìbò náà, apá kan rẹ̀ lọ sí owó oṣù àti ìnáwó tó ti wà tẹ́lẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ kan sì gbé e lọ sí kóòtù. Nítorí náà, mi ò béèrè “owó fún ìdáàbòbò.” Mo béèrè ìlà pàtó: sísun igbó àti pípa koríko àjèjì, kí ó jẹ́ owó ọdọọdún, kì í ṣe ti ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ń ra ọkọ̀ tí kò sí ẹni tó máa wà á.

Ọjọ́ 60 ni ìjókòó ilé aṣòfin ní Tallahassee, olú ìlú Florida, Oṣù Keje ọjọ́ 1 sì ni ọdún ìṣúná ń bẹ̀rẹ̀. Aṣòfin tó wà nínú ìgbìmọ̀ ìṣúná àyíká ni mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kó tó kan aṣòfin àdúgbò mi. Ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn ló ní kálámù lọ́wọ́. Ní ọjọ́ ìjókòó, mo kọ káàdì ọ̀rọ̀ sísọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: orúkọ, nọ́ńbà àbá òfin, mo fara mọ́ ọn tàbí mo takò ó. Ẹ wo nọ́ńbà náà dáadáa, torí pé ti sẹ́nétọ̀ àti ti aṣojú-ṣòfin kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí àkókò bá tán, ẹ lè ní kí wọ́n kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ fara mọ́ ọn. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ bákan náà. Èèyàn tó bá ń sọ tẹnu ara rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sanwó fún, kò nílò láti forúkọ sílẹ̀ bí àwọn tí wọ́n ń gbà síṣẹ́ láti bá aṣòfin sọ̀rọ̀.

Bí ilé méjèèjì bá ti ṣọ̀kan lórí ìṣúná, ìwé òfin ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún wákàtí 72 kí wọ́n tó dìbò. Wákàtí yẹn ni mo fi yẹ ìlà náà wò, bóyá iye tó wà níbẹ̀ ṣì jẹ́ ọdọọdún. Gómìnà sì lè fi kálámù pa ìlà kan ṣoṣo rẹ́ láìfọwọ́ kan ìyókù, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà ìkẹyìn fi lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, ìpínrọ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú nọ́ńbà ìlà náà lókè.